Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ilé-ìwé Ṣáínà wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, owó yín mà ń ṣòfò o

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àbúrò wa kan tó ń ṣe alágbàtà bíi tèmi pè mí láti ìlú Foshan. Olùkọ́ tó bá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wá ti balẹ̀. Wọ́n ti san owó bàálù, wọ́n ti gbalé fún un, wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wò: físà arìnrìn-àjò. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe?" Kí lo fẹ́ ṣe ju pé kó o wá tíkẹ́ẹ̀tì tó máa fi padà? Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe alágbàtà olùkọ́ ní Guangzhou níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ lọ́dọọdún. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ àwọn àṣìṣe yín sílẹ̀ kí n lè rí oorun sùn.

Mo gbà pé ẹ mọ físà Z, ìyẹn físà òṣìṣẹ́, ẹ sì mọ̀ pé ilé-ìwé tí kò láṣẹ láti gba àjèjì síṣẹ́ kì í ṣe oníbàárà yín. Ẹni tí ò bá mọ ìyẹn, kó lọ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ná.

1. "Jẹ́ kó wọlé ná, tó bá dé a ó yí i padà." Irọ́ ni. Físà arìnrìn-àjò, ti oníṣòwò, ti akẹ́kọ̀ọ́, kò séyìí tí wọ́n fi ń kọ́ni nínú wọn. Òfin ìwọlé àti ìjáde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2013 ò fi bò: olùkọ́ á san 5,000 sí 20,000 yuan, owó Ṣáínà, tọ́ràn bá wúwo á tún lo ọjọ́ 5 sí 15 látìmọ́lé. Ilé-ìwé á san 10,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Alágbàtà tó mú un wá á san 5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kà.

2. Kéèyàn máa wá olùkọ́ lóṣù kẹjọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé. Dìgírì á gba òǹtẹ̀, ìwé ọlọ́pàá á gba òǹtẹ̀, ìwé àṣẹ iṣẹ́ á jáde, kó tó wá kan físà. Oṣù méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Láti ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni Ṣáínà sì ti ń gba apostille, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí ìjọba ìlú tí ìwé ti wá ń lù ú, ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà ò nílò láti gbé ìwé lọ sí ẹ́ḿbásì Ṣáínà mọ́. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń gba "owó ẹ́ḿbásì" lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ mọ ara yín.

3. Olùkọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà tẹ́lẹ̀, ẹ gba ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun. Ó tán.

4. Fọ́tò. Á à, fọ́tò!

Ọ̀gá ilé-ìwé ò tíì béèrè dìgírì, kò béèrè ọdún iṣẹ́, "fi fọ́tò ránṣẹ́" ló kọ́kọ́ máa jáde lẹ́nu ẹ̀. Alágbàtà náà, dípò kó là á lọ́yẹ, á sáré lọ wá Òyìnbó tí imú rẹ̀ gùn jù. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Èmi náà ṣe é rí. Lọ́dún 2018, ilé-ìwé kan ní ìlú kékeré kan fẹ́ olùkọ́ kan, mo sì ní méjì lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Peckham ní London, Ìjẹ̀bú làwọn òbí rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba, dìgírì, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ọdún mẹ́rin nínú kíláàsì, gbogbo ẹ̀ pé. Èkejì, ọkùnrin gíga onírun wúrà, ará Ukraine. Ọ̀gá wo fọ́tò méjèèjì, ó ní ọkùnrin yẹn lòun fẹ́, àwọn òbí ló ń sanwó. Mo mọ̀ pé olùkọ́ èdè gbọ́dọ̀ wá láti ibi tí èdè náà ti jẹ́ èdè abínibí, àwọn tí ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ iṣẹ́ sì máa ń gbà ni ìlú Ọba, Amẹ́ríkà, Kánádà, Australia, New Zealand, Ireland àti South Africa. Mo mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n kọmíṣọ̀n ti ń ta sánsán símú mi. Mo ní bóyá wọ́n á fojú fò ó.

Wọn ò fojú fo nǹkan kan. Nígbà tí ìwé máa fi padà wá, ilé-ìwé ti tẹ bánà tó tó ìlẹ̀kùn méjì, ẹ̀rín ọkùnrin náà gba gbogbo ẹnu géètì. Wọ́n wọlé, fọ́tò wà níbẹ̀, èèyàn ò sí. Èmi fúnra mi ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ dá kọmíṣọ̀n padà. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wo bánà, ó wò mí, ó tún wo bánà, ó ní ṣé èmi ni olùkọ́ tuntun. Mo pe ọmọ Peckham pé kó máa bọ̀. Ó ti ń kọ́ni ní Shenzhen lọ́jọ́ kẹwàá. "Uncle, ẹ ṣé o." Ó gé fóònù.

Láti ìgbà yẹn, ohùn ni mo kọ́kọ́ máa ń fi ránṣẹ́ lórí WeChat, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ, pẹ̀lú orúkọ orílẹ̀-èdè tó fún un ní pásípọ́ọ̀tù. Fọ́tò á wá tẹ̀ lé e. Oníbàárà méjì ti sá fún mi nítorí ẹ̀. Kí wọ́n máa sá lọ.

Ẹ sì rí orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè yẹn, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ó ń dun èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ yéé gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹ máa bá wọn wáṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀.

Nọ́ńbà wo la wà? Ẹ bá mi kà á. Ilé ẹ̀kọ́ àṣekún òpin ọ̀sẹ̀: láti ìgbà tí ìjọba ti fún wọn lọ́rùn lóṣù keje ọdún 2021, ẹ yẹ ìwé àṣẹ wọn wò lẹ́ẹ̀mejì. Kọmíṣọ̀n mi méjì ṣì wà lọ́wọ́ ibì kan tó ti yọ pátákó orúkọ ẹ̀ kúrò lára ògiri. Olùkọ́ tó bá sì dé, wákàtí 24 ló ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ọjọ́ 30 láti béèrè ìwé ìgbélùú. Ẹ má fi lé e lọ́wọ́ nìkan; oorun ni yóò máa sùn.

Àbúrò mi Foshan tún pè láàárọ̀ yìí. Olùkọ́ ti wọ bàálù padà, owó àpò òun ni. Ó ní ilé-ìwé fẹ́ fún òun láǹfààní kan sí i. Mo ní irú olùkọ́ wo ni wọ́n fẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní wọ́n ní kóun kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́.