Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ́ńsáìmù Inú Ẹ̀jẹ̀ Mọ̀ Bóyá Ẹ̀jẹ̀ Ti Padà Dé Ẹran Ọkàn

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí òpó tí ń bọ́ ẹran ọkàn, ẹran náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, CK-MB (ẹ́ńsáìmù kan) àti troponin (purotéènì kan) inú rẹ̀ a sì máa jò jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn bá tú ohun tó dí i, yóò rí bíi gọ́tà tí a là: gbogbo ohun tó ti kó jọ síbẹ̀ ni omi yóò gbá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, CK-MB a yára dé góńgó, ní nǹkan bíi wákàtí 12 lẹ́yìn tí ìrora bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣì dí, ó lè tó wákàtí 24.

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fún aláìsàn ní oògùn náà, ẹ tún gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú 90, lẹ́yìn náà ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà síra wọn títí ọjọ́ kan yóò fi pé. Aago ni mo kà sí pàtàkì jù. Bí ará ilé bá sọ pé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹ wá aago tó bá a mu, kí ẹ sì kọ ọ́. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ ní Iléṣà, tí a sì gbé e lọ sí Ilé-Ifẹ̀ fún àyẹ̀wò, àkókò tí a gbà á ni kí ó wà lára ìgò, kì í ṣe àkókò tí ó dé ibẹ̀. Mo ti rí èsì tó pé pérépéré tí kò wúlò, nítorí pé kò sí aago lára ìgò kankan. Ẹ má ṣe gún abẹ́rẹ́ sí ìdí aláìsàn náà, nítorí ó lè fa ẹ̀jẹ̀ dídà, ó sì lè da èsì rú.

Góńgó tó ga kò fi hàn pé oògùn kò ṣiṣẹ́, nítorí ìgbájáde yẹn gan-an lè mú un ga. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de ẹ́ńsáìmù kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀: bí ìlà ST tó gbéra lórí ECG (àwòrán ìṣiṣẹ́ iná mànàmáná inú ọkàn, tí ST jẹ́ apá kan nínú rẹ̀) kò bá tíì wálẹ̀ dé ìdajì láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 90, tí àyà sì ń dùn ún síbẹ̀, ẹ pe dókítà ọkàn lójú ẹsẹ̀.

Bí ìrora bá padà ní ọjọ́ kẹrin, CK-MB ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ó ti máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nígbà tí troponin lè wà lókè fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.