Bí ẹ ṣe máa wọ bọ́ọ̀sì àti tréènì ní London láìsan ju bó ṣe yẹ lọ

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbé ibí tipẹ́ àmọ́ tẹ́ ò tíì jókòó wo iye tí TfL (Transport for London, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú yìí) ń yọ nínú báńkì yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ la fẹ́ sọ. Owó ọkọ̀ níbí wọ́n, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ̀dínwó ló wà nínú ètò yẹn fún èrò ọkọ̀, owó tí wọ́n máa ń dá padà náà wà, ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn kan ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn, àwọn kan àfi kẹ́ ẹ béèrè, tẹ́ ò bá sì béèrè wọ́n á gba odindi owó, kò sí ẹni tó máa pè yín pé ẹ ti san jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí káàdì. Ẹ mú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ má sì yà kúrò lórí ẹ̀. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré o, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lowó ti máa ń jò jù. Ẹ̀rọ tá à ń táàpù sí yẹn, ìyẹn èyí tá a máa ń fi káàdì kàn, nọ́ńbà káàdì nìkan ló mọ̀, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́ káàdì báńkì kan náà lẹ fi sínú fóònù, àmọ́ lójú ẹ̀rọ, fóònù lọ́tọ̀, káàdì tó wà nínú pọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, aago ọwọ́ náà lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi fóònù táàpù wọlé ní Stratford, tí fóònù wá kú lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ fi káàdì táàpù jáde ní Bank, èèyàn méjì ni wọ́n máa kà yín sí, ọ̀kan wọlé kò jáde, èkejì jáde láìwọlé, wọ́n á sì gba owó tó ga jù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń lo fóònù láàárọ̀ tó ń lo káàdì nírọ̀lẹ́ náà ń fi owó ṣòfò, torí gbogbo ẹ̀dínwó tí mo fẹ́ sọ sísàlẹ̀ yìí, orí káàdì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kà á, wọn kì í ro méjì pọ̀. Àti pé tọkọtaya ò lè fi káàdì kan wọlé pọ̀, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀.

Ṣé Oyster, káàdì ọkọ̀ ti TfL fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń fowó sí, ló dáa ni àbí káàdì báńkì? Fún àgbàlagbà tí kò ní ẹ̀dínwó kankan, iye kan náà ni, èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀dínwó èyíkéyìí, Oyster ni, torí káàdì báńkì ò lè gbé ẹ̀dínwó. Káàdì báńkì tẹ́ ẹ gbé wá láti Nàìjíríà lè ṣiṣẹ́, àmọ́ báńkì lè máa yọ owó tiẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ kúkú ra Oyster.

Ó yá, bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì London ò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti July 2014. £1.75 ni wọ́n fi owó ẹ̀ sí ní March 2023, ì báà jẹ́ bọ́sítọ́ọ̀pù méjì lẹ fẹ́ lọ, ì báà jẹ́ pé inú 177 lẹ fẹ́ jókòó sí láti Peckham títí dé Thamesmead. Ní September 2016, ọdún tí Sadiq Khan di mayor, wọ́n gbé nǹkan tí wọ́n ń pè ní Hopper jáde: tẹ́ ẹ bá ti táàpù sí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ẹ ní wákàtí kan, bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá tún wọ̀ láàárín wákàtí yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, bọ́ọ̀sì kan péré ni wọ́n fi jìn, láti January 2018 ló ti di iye tó bá wù yín. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí yẹn o, láti ìgbà tẹ́ ẹ táàpù sí èyí àkọ́kọ́ dé ìgbà tẹ́ ẹ táàpù sí èyí tó kẹ́yìn ni, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó wọ 36 ní Camberwell ní 7:00, tó bọ́ sílẹ̀ ní New Cross, tó táàpù sí 53 ní 7:45, ẹ jẹ́ kó jókòó sínú ẹ̀ bó ṣe wù ú dé Plumstead, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ kún un. Ẹ lè bọ́ọ́lẹ̀ ní Peckham, kẹ́ ẹ sáré wọ Rye Lane lọ ra ata àti ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ padà wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, tí wákàtí ò bá tíì pé, owó ẹ̀ẹ̀kan náà ni (bó ṣe jẹ́ pé ẹ máa rí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ní Rye Lane tí ìkíni ò sì ní tán bọ̀rọ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ TfL). Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ wọ tube (tréènì abẹ́ ilẹ̀) sáàárín, ẹ máa san ti tube lọ́tọ̀, àmọ́ Hopper yín ṣì wà láyè. Ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: tí owó orí Oyster yín bá ti wọ gbèsè, bọ́ọ̀sì kejì ò ní gbà yín bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni, àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó sí i.

Lẹ́yìn Hopper, cap ló kàn. Cap ni iye tí owó yín ò lè kọjá lójúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ wọkọ̀ tó. Ti bọ́ọ̀sì nìkan tí wọ́n fi lélẹ̀ ní March 2023 jẹ́ £5.25 lójúmọ́, ìyẹn owó bọ́ọ̀sì mẹ́ta, ìkẹrin sókè ọ̀fẹ́. Ti ọ̀sẹ̀ jẹ́ £24.70. Ti tube ń lọ ní zone-zone (bí wọ́n ṣe pín ìlú sí nìyẹn, zone 1 ni àárín ìlú), wọ́n sì sábà máa ń yí i ní March, nítorí náà ẹ wò ó lórí áàpù TfL, ẹ má gba iye tí ẹ̀gbọ́n yín sọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn gbọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa cap ni ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ ní 4:30 ìdájí, kì í ṣe òru 12. Ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ Monday sí Sunday, kò sí àtúnṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ òru, tẹ́ ẹ ń lọ tọ́jú arúgbó tàbí tẹ́ ẹ ń fọ ọ́fíìsì, ó kàn yín gan-an: bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wọ̀ ní 4:10 ìdájí ṣì wà nínú cap àná, tẹ́ ẹ bá sì ti san bọ́ọ̀sì mẹ́ta lánàá, ọ̀fẹ́ nìyẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dúró dé 4:35, ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀, owó bọ́ọ̀sì tuntun ni. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé Thursday ló dé, tó fẹ́ lo ọjọ́ méje péré kó padà, cap ọ̀sẹ̀ ò lè ṣe é láǹfààní tó bẹ́ẹ̀, torí wọ́n á pín ọjọ́ ẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, 7 Day Travelcard (tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méje) ni kó gbé sórí Oyster, ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù ú, àmọ́ kó kọ́kọ́ ṣírò bóyá òun máa rìn tó bẹ́ẹ̀.

Peak (ìgbà tí èrò pọ̀, tí owó sì wọ́n) àti off-peak (ìgbà tí owó dín) wá. Bọ́ọ̀sì ò ní peak. Ti tube, DLR àti Overground (tréènì TfL ni gbogbo wọn), Monday sí Friday ni, 6:30 sí 9:30 àárọ̀ àti 4:00 sí 7:00 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ ìsinmi ìjọba ò sí nínú ẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ táàpù wọlé ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yin aláàárọ̀ kùtù, 6:28 off-peak, 6:32 peak, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn tó nǹkan láti oṣù dé oṣù. Èyí tó wù mí jù, tí mi ò sì rí kẹ́nikẹ́ni máa sọ, ni ti ìrọ̀lẹ́: tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti ìta zone 1 wọ inú zone 1 láàárín 4:00 sí 7:00, owó off-peak ni wọ́n máa gbà, torí àwọn èrò ń jáde kúrò láàárín ìlú, ẹ̀yin ń wọlé. Àwọn ará wa tó ń lọ tún ọ́fíìsì ṣe nírọ̀lẹ́, tiyín nìyẹn. Heathrow yàtọ̀ o, láti September 2022, tube láàárín Heathrow àti zone 1, peak ni ní gbogbo ìgbà, àmọ́ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà, owó Piccadilly line, ìyẹn tube tó ń lọ Heathrow, ṣì kéré sí ti tréènì Elizabeth line, ó sì kéré gan-an sí ti tréènì Heathrow Express, tube yẹn kàn ń pẹ́ lójú ọ̀nà ni.

Zone 1 ló máa ń mú owó wọ́n. Tẹ́ ẹ bá lè gba ìta lọ, ẹ gba ìta. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà, ibi tẹ́ ẹ ti wọlé àti ibi tẹ́ ẹ ti jáde nìkan ló mọ̀, ó sì lè rò pé ẹ gba àárín ìlú kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ aláwọ̀ pínkì fi wà ní àwọn stéṣàn bíi Stratford, Highbury & Islington, Canada Water àti Whitechapel. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí tréènì níbẹ̀, ẹ táàpù sí i. Kì í gba owó, kì í sì í parí ìrìn àjò yín, ó kàn ń jẹ́rìí sí ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó táwọn èèyàn máa ń jẹ́ kó kọjá lọ. Tẹ́ ẹ bá ní Railcard (káàdì ẹ̀dínwó tréènì) 16-25, 26-30, Senior tàbí ti abirùn, ẹ gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ stéṣàn pẹ̀lú Oyster yín, kó so wọ́n pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta owó off-peak lórí tube àti tréènì ló máa máa kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Railcard yìí lórí fóònù, tréènì tó ń lọ Manchester nìkan ni wọ́n ń lò ó fún, wọ́n sì ń wọ tube lójoojúmọ́ ní odindi owó! Àti pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ṣe Masters, ẹ má wo 25 tó wà lára orúkọ ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ full-time tó ti lé lọ́mọ ọdún 26 náà lè gba 16-25, ilé ìwé ló máa fọwọ́ sí i.

Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 11 ò sanwó bọ́ọ̀sì, tó bá sì tẹ̀ lé àgbàlagbà tó sanwó, tube náà ọ̀fẹ́, ọmọ mẹ́rin lè tẹ̀ lé ẹnì kan. Láti ọdún 11 sí 15, ẹ gba Zip (Oyster ti àwọn ọmọ) fún un kí bọ́ọ̀sì lè jẹ́ ọ̀fẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè kọ̀wé béèrè kó tó di pé ọjọ́ ìbí ẹ̀ pé. Àwọn àgbà tó ń gbé London, láti ọdún 60 ni 60+ Oyster, 66 ni Freedom Pass, káàdì ìrìn ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń dá wọn dúró di aago mẹ́sàn-án. Màmá tó wá wẹ ọmọ fún oṣù mélòó kan ò sí nínú ìyẹn, ẹni tó ń gbé ibí ló wà fún. Ẹ̀dínwó ìdajì owó bọ́ọ̀sì náà wà fún àwọn tó ń gba irú owó ìrànwọ́ ìjọba kan, àmọ́ tí fisà yín bá sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gba owó ìjọba, ẹ má wulẹ̀ sún mọ́ fọ́ọ̀mù yẹn, nítorí ẹ̀dínwó bọ́ọ̀sì kọ́ la ṣe wá.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti táàpù jáde, tàbí tí wọ́n ṣí géètì sílẹ̀ tẹ́ ẹ kàn gba ibẹ̀ kọjá, owó tó ga jù ni wọ́n máa yọ. Nígbà mìíràn wọ́n á dá a padà fúnra wọn, àmọ́ ẹ má gbójú lé e, ẹ fi káàdì yín sórúkọ ní ákáǹtì TfL, kẹ́ ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìrìn tí ò parí, ẹ sọ stéṣàn tẹ́ ẹ ti jáde fún wọn kíá. Ti ìdádúró náà wà: tí tube tàbí DLR bá dá yín dúró fún ìṣẹ́jú 15 sókè, tàbí tí Overground tàbí Elizabeth line bá dá yín dúró fún 30 sókè, tó sì jẹ́ pé ẹ̀bi wọn ni, owó ìrìn yẹn tiyín ni, ẹ béèrè láàárín ọjọ́ 28. Ìyanṣẹ́lódì àti iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n ti kéde tẹ́lẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò ní irú ẹ̀ rárá, kẹ́ ẹ ṣe sùúrù nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń jáde kúrò ní London, òfin yí padà. Bọ́ọ̀sì England tó wà nínú ètò ìjọba jẹ́ £2 láti January 2023, ó di £3 ní January 2025, ìyẹn ni ó pọ̀ jù fún lílọ ẹ̀ẹ̀kan. Ti tréènì, ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì Flexi Season tí wọ́n gbé jáde ní June 2021 wà, ọjọ́ 8 láàárín ọjọ́ 28, ẹ̀yin lẹ máa yan ọjọ́. Ẹ lè gé tíkẹ́ẹ̀tì sí méjì náà, kẹ́ ẹ ra dé ìlú kan láàárín ọ̀nà, kẹ́ ẹ tún ra láti ibẹ̀ lọ, lórí tréènì kan náà, kò lòdì sófin tí tréènì yẹn bá ṣáà ti ń dúró ní ìlú yẹn, ó sì máa ń dínwó nígbà mìíràn.

Advance, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì tréènì tí wọ́n ń rà sílẹ̀, ló sábà máa ń pọ́ọ́kú jù, òun náà ló le jù, tréènì tẹ́ ẹ yàn nìkan ni, wọn kì í dá owó padà tẹ́ ẹ bá yí ọkàn padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n fagi lé tréènì tàbí tí wọ́n pẹ́, tẹ́ ẹ sì pinnu pé ẹ ò lọ mọ́, gbogbo owó ni wọ́n máa dá padà, Advance náà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ sì pẹ́ dé, Delay Repay ni kẹ́ ẹ béèrè: ìdajì owó lílọ tó bá tó ìṣẹ́jú 30, gbogbo ẹ̀ tó bá tó wákàtí kan, àwọn ilé iṣẹ́ kan tiẹ̀ ń san ìdá kan nínú mẹ́rin láti ìṣẹ́jú 15. Ọjọ́ 28 náà ni. Ẹ ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì kí géètì tó gbé e mì, kẹ́ ẹ sì má pa èyí tó wà lórí fóònù rẹ́ títí owó á fi wọ ákáǹtì yín.