Bí mo ṣe pààrọ̀ wáṣà nọ́sùlù Hilux 1KD mi ní Ṣàgámù

Ẹni tó bá fẹ́ ra Hilux dísù tòkunbọ̀, agbára ẹṣin ló máa kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà iye kìlómítà. Mi ò ní kó má bèèrè wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì 1KD ló wà níbẹ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ wáṣà bàbà kẹ́yìn, ìyẹn òrùka pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ nọ́sùlù tó ń tú dísù sínú sílíńdà. Wáṣà mẹ́rin péré ni. Owó wọn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì, àmọ́ àwọn ló lè rán gbogbo ẹ́ńjìnì lọ sọ́run.

1KD-FTV ni orúkọ tí Toyota fún un. Láti ọdún 2000 ló ti wà, ó wà nínú Prado, ó wà nínú Hilux àti Hiace. Sílíńdà mẹ́rin, 2,982 cc. Ihò sílíńdà fẹ̀ ní mìlímítà 96, píísítìn ń rìn ní 103. Nínú Hilux, 343 Nm ni agbára ìfà rẹ̀, kò sì ní kẹ́ ẹ tẹ ẹ́ pa kó tó fa ẹrù, torí láti nǹkan bí 1,400 RPM ló ti ń fa á. Bí mo bá di gbànja kún un ní Ìsarà, tí mo gba Òde Rẹ́mọ àti Ìperu bọ́ sí Sábó ní Ṣàgámù, jíà tí mo fi wọ òkè ni mo sábà máa ń fi jáde. Bí mo bá dé, mo máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan kí n tó pa á, kí ọ́ìlì lè tu tọ́bò lára.

Ìró òwúrọ̀ ló mú mi gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí mo bá ṣí i nígbà tó tutù, á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bó bá gbóná tán, ìró náà á lọ. Iná ọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù náà kì í tètè kú mọ́. Pé ọ́ìlì dúdú kì í ṣe àmì, gbogbo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dísù ló ń tètè dúdú. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé tèmi ki bí ọ̀dà lórí ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì.

Ara àwọn tírélà Ògèrè ni Bàbá tó ń bá mi ṣe ọkọ̀ ti kọ́ iṣẹ́ dísù. Ó gbọ́ ìró náà, ó fa ọ̀pá yọ, ó ní: “Ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní tọ́bò ẹ ti kú, tí kò tíì yẹ asẹ́ ọ́ìlì wò, má fún un lówó.”

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Abẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnì, níbi tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, ni ọrùn nọ́sùlù wà. Bí wáṣà bàbà ò bá dí dáadáa mọ́, gáàsì iná inú sílíńdà á máa sá gòkè, á kó èédú wọ inú ọ́ìlì. Èédú yẹn á wálẹ̀ sínú abọ́ ọ́ìlì, á dì mọ́ asẹ́ tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì ò bá wá gòkè tó, tọ́bò àti bẹ́árìn ló kọ́kọ́ máa ń jìyà ẹ̀. Ẹlòmíì á ra tọ́bò tuntun, á tún kú, kò sì ní mọ ìdí.

Ìsàlẹ̀ la kọ́kọ́ ṣí. Èédú ti bo apá kan asẹ́ náà. A wá irin tó ń dán nínú abọ́, a ò rí. Ìyẹn ni pé bẹ́árìn ṣì wà láyé, ọkàn mi sì balẹ̀. Wọ́n fọ asẹ́, wọ́n fẹ́ ẹ gbẹ, wọ́n dá abọ́ padà.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sókè, Bàbá kọ 1 sí 4 sára àwọn nọ́sùlù kó tó tú wọn. Kóòdù wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi mọ ìwọ̀n dísù tó yẹ kó tú. Bí ẹ bá gbé ti kìíní síbi ìkẹta láì tún kóòdù kọ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ́ńjìnì lè máa gbọ̀n. Wáṣà ìkẹta ló ti jó: ó dúdú láti inú dé ìta, ọ̀nà tí gáàsì gbà hàn gbangba. Bàbà kò le, ooru àti ọdún sì ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Ibi tí wáṣà ń jókòó ló gba àkókò jù. Wọ́n fi aṣọ dí ihò kí ìdọ̀tí má bàa já sínú sílíńdà, wọ́n wá ń ha èédú kúrò díẹ̀díẹ̀, torí bí horo kan bá ṣẹ́ kù, tuntun náà á jò. Àwọn kan máa ń fi iná yan wáṣà àtijọ́ kó pọ́n, kí wọ́n lè tún un lò. Bàbá ò gbà, èmi náà ò gbà. Wáṣà tuntun ló fi sí i, sípánà tó ń wọn ìfúnmọ́ ló sì fi de àwọn nọ́sùlù padà.

Kí wọ́n tó dé ìdérí, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù tó ń dá dísù padà, wọ́n bu omi ọṣẹ sí gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹ má fo èyí o. Bí páìpù yẹn bá ń jò lábẹ́ ìdérí, inú ọ́ìlì ni dísù ń lọ. Tèmi ò hó.

Ó gba ọ́ìlì tó bíi lítà méje. A tẹ pọ́ńpù orí fílítà dísù títí ó fi le, a yí ẹ́ńjìnì láì jẹ́ kó gbiná títí iná ọ́ìlì fi kú, ká tó wá ṣí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí mo tún fi da ọ́ìlì yẹn nù, torí ó ti fọ ìyókù èédú wálẹ̀.

Wọ́n tún mọ àwọn 1KD kan mọ píísítìn tó ń sán, pàápàá bí nọ́sùlù ò bá tú dísù dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wo bí nọ́sùlù kọ̀ọ̀kan ṣe ń tú dísù; nọ́ńbà àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà ń ṣe sí wọn súnmọ́ òdo, ìyẹn dára.

Tàímíìn bẹ́líìtì ló kù, bẹ́líìtì tó ń mú kí apá òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì máa yí pọ̀. 1GD tó rọ́pò ẹ́ńjìnì yìí ní 2015 ń lo ṣéènì, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ni tiwa. Bó bá já, ẹ́ńjìnì bàjẹ́ nìyẹn. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, 150,000 kìlómítà ni wọ́n ní ká pààrọ̀ rẹ̀, láwọn míì 100,000, iná T-BELT inú dáṣíbọ́ọ̀dù á sì tàn láti rán awakọ̀ létí. Tèmi ò tíì tàn, àmọ́ mi ò lè fọkàn tán iná tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ lè ti pa. Mo ti ra bẹ́líìtì àti róólà rẹ̀. Bí gbànja bá ti dínkù lọ́jà, ọkọ̀ á padà sọ́dọ̀ Bàbá.