Ọkọ̀ Tókùnbọ̀ Tó Ń Ṣe Ségesège Láàárọ̀: Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ibi Tó Ti Bẹ̀rẹ̀

Camry 2004 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dákẹ́ lọ gbári. Mo tún un yí, kò dún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sítáàtì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Mẹkáníìkì ní sítátà ló kú, a ra òmíràn. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní bátìrì ni, a ra bátìrì. Ìgbà tó tún ṣe é ni bàbá rewáyà kan ní kí n tẹ bíréèkì, kí n fa gíà sí N, kí n sítáàtì ẹ níbẹ̀. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Suwíìṣì kékeré ara gearbox, èyí tó máa ń sọ fún ọkọ̀ pé orí P ni gíà wà, ló ti gbó.

Láti ìgbà náà, mi ò kì í pe ẹnikẹ́ni kí n tó mọ ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra kí ọkọ̀ aládàáṣe (automatic, tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀) tó gbéra: iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, sítátà á yí ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, gíà á sì wọlé. Ẹ fi fóònù ya fídíò ohun tó ń ṣe, torí ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn nílé kì í sábà ṣe é níwájú mẹkáníìkì.

1. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì

Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn níbí, kó sì kú tí ẹ́ńjìnì bá ti gbà. Tí kò bá tàn rárá, ẹ má dunnú. Ó lè jẹ́ pé iná ò dé brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀), ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà rí àṣírí. Ẹ wo iná pupa tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí ọkọ̀ náà. Tó bá ń ṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nínú, ọkọ̀ ò dá kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì gbìyànjú.

2. Ẹ sítáàtì ẹ, kí ẹ sì fetí sílẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Tó bá ń ṣe ká-ká-ká-ká, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣókùnkùn, bátìrì ni tàbí orí rẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Bí ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti bo orí bátìrì, ẹ tú ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù (–) kọ́kọ́, kí ẹ tó tú (+), kí sípánà má baà kan irin ara ọkọ̀ kó sì ta iná. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ fi bébà tó ń ha irin ha á, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dì í le. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, (+) ló kọ́kọ́ ń lọ, (–) ló ń kẹ́yìn. Bí ẹ bá ní mítà tó ń wọn fólítì, bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn. Tó bá jẹ́ 12.2, ó ti dín dé ìdajì. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí kò bá gun òkè, alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) ni kí ẹ bi léèrè, kì í ṣe bátìrì.

Tó bá dún “kọ̀!” lẹ́ẹ̀kan péré, tí iná sì mọ́lẹ̀ dáadáa, sítátà fúnra rẹ̀ ni mo máa fura sí. Tí kò bá dún rárá, tí iná ṣì mọ́lẹ̀, ẹ ṣe ti bàbá rewáyà: bíréèkì, N, kọ́kọ́rọ́.

Tí ó bá ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò gbà, epo ni tàbí iná púlọ́ọ̀gì, tàbí sensor tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì. Bí òórùn bẹntiróòlù bá ń jáde, epo ti kún un lọ́fun: ẹ tẹ ẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì. Ẹ má jẹ́ kí sítátà yí ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ kí wọ́n wá ti ọkọ̀ aládàáṣe. Pọ́ǹpù inú gearbox rẹ̀, ẹ́ńjìnì ló ń yí i. Bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, kò sí agbára tó máa so táyà pọ̀ mọ́ ọn. Òógùn lásán ni.

3. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnì tutù, kí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) gun bíi 1,200 sí 1,500, kó sì máa rọra sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 700, kò burú. Tó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń kú bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, throttle (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) tó ti dú fún èédú ló wọ́pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tú ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá, ẹ fọ́n oògùn throttle sí aṣọ, ẹ fi nu inú rẹ̀. Bí throttle bá jẹ́ èyí tó ń fi iná ṣiṣẹ́, ẹ má fi ìka ti awẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì, brain box lè ti gbàgbé bó ṣe ń díwọ̀n afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 10 láìtan AC.

Èéfín funfun tó parẹ́ kíá, omi lásán ni. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó.

4. Gíà

Bí gíà bá kọ̀ láti kúrò lórí P, ẹ ní kí ẹnìkan lọ wo iná bíréèkì lẹ́yìn ọkọ̀. Bí kò bá tàn, suwíìṣì tó wà lókè ẹsẹ̀ bíréèkì tàbí fíúsì rẹ̀ ló lẹ́jọ́ láti rò.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ẹ̀kì gbà! tí ẹ bá fa gíà sí D, ẹ dúró kí RPM kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Tó bá ṣì ń ṣe é lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, ẹ yẹ engine seat (rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé) wò, kí ẹ sì yẹ ATF (ọ́ìlì gíà) wò. Tí gíà bá sì ń pẹ́ kó tó wọlé, ATF ni kí ẹ fi ṣáájú. Lórí Toyota tó ní ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ wà á kó gbóná, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi gíà sórí P, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ti Honda yàtọ̀: ẹ gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. ATF tó dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná ti ń kìlọ̀ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, irú tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kí ẹ rà. Nínú ATF Toyota, T-IV kì í ṣe WS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa ni méjèèjì.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ti ń scan, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú kóòdù tó ń jáde níbẹ̀, P0505 ń tọ́ka sí ìdíwọ̀n afẹ́fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró, P0335 sí sensor yíyí ẹ́ńjìnì, P0705 sí suwíìṣì gíà. Kóòdù ń sọ àdúgbò tí olè wà, kì í dárúkọ olè. Suwíìṣì tèmi ò tilẹ̀ gbé kóòdù kankan jáde. Orí N ni mo fi ń sítáàtì ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó rí èyí tó dára rà ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó.