Ìṣirò ìkọ́kọrẹ́ tó kọjá 100

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Òde gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá: nínú 100 ènìyàn, 70 fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́, 60 fẹ́ràn gàrí, 10 kò fẹ́ ìkankan. Mélòó ló fẹ́ méjèèjì? A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 140. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Àwòrán Venn ló yọ wá. Mo ya àpótí, mo ya òbìrí méjì tó wọ ara wọn sínú rẹ̀, ọ̀kan fún ìkọ́kọrẹ́, ọ̀kan fún gàrí. Mo kọ 10 síta òbìrí. Inú ku 90. Ṣùgbọ́n 70 àti 60 jẹ́ 130! 40 tó lé yẹn la kà lẹ́ẹ̀mejì, àárín, níbi tí òbìrí méjèèjì ti wọ ara wọn, ni àyè wọn. Ìkọ́kọrẹ́ nìkan, 30. Gàrí nìkan, 20. Ó pé 100 géérégé.

Ẹ jọ̀ọ́, àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Èmi ti kọ́kọ́ kó 70 sí apá kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.