Bá a ṣe ń kọ script tó máa bá wa ṣe iṣẹ́ dátà rédíò ojú ọ̀run nínú CASA

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí dátà rédíò tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, tẹ́ ẹ ṣì ń fọwọ́ tẹ àṣẹ CASA (ìyẹn software tá a fi ń ṣe dátà bẹ́ẹ̀) ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. VLA, ìyẹn àkójọ áńtẹ́nà rédíò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run ní New Mexico ní Amẹ́ríkà, áńtẹ́nà 27 ló ní, béèyàn bá so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì ó di 351, gbogbo 351 yẹn ló sì ń kọ dátà tiẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ channel (ìyẹn ìpín frequency kéékèèké) ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ń wo ojú ọ̀run. Ta ló fẹ́ fọwọ́ to ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu? Èmi ò gbà pé ìyára nìkan la fi ń kọ script (ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé fúnra ẹ̀) o, a ń kọ ọ́ ká lè mọ ohun tá a ṣe gan-an, kí ẹlòmíì náà lè tún un ṣe kó rí èsì kan náà.

Dátà tí mo máa ń ní kéèyàn fi kọ́ ọwọ́ ni ti 3C391, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lára ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù. Ọdún 2010 ni VLA wò ó, NRAO, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó VLA, ń fi kọ́ àwọn èèyàn ní CASA, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kọ́kọ́ run listobs, àṣẹ tó ń to ohun tó wà nínú dátà, kẹ́ ẹ ka ohun tó bá gbé jáde dáadáa, ẹ má fò ó rárá. Ẹ máa rí i pé field 0 (field ni ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wò lójú ọ̀run) ni J1331+3050, tá a tún ń pè ní 3C286, a ti mọ bó ṣe lágbára tó, òun la fi ń díwọ̀n àwọn tó kù. Field 1 ni J1822-0938, ìtòsí ohun tá à ń wò ló wà, òun ló ń jẹ́ ká mọ bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe ń da phase (ìyẹn ibi tí ìgbì rédíò dé nínú yíyí ẹ̀) rú láti ìgbà dé ìgbà. Láti 2 dé 8 ni 3C391 fúnra ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó gbogbo ibi tí áńtẹ́nà lè rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wò ó níbi méje. Èyí tó kù, ti polarization (ìyẹn ìhà tí ìgbì ń mì sí) ni, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Gbogbo nọ́ńbà yẹn, ẹ má kọ wọ́n sáàárín script o. Ẹ ṣe fáìlì config kékeré lọ́tọ̀, ibẹ̀ lẹ máa kó orúkọ dátà, àwọn field, refant (áńtẹ́nà tá a fi ń díwọ̀n phase àwọn tó kù), àti áńtẹ́nà tí kò ṣeé lò sí. Nínú dátà yìí ea21 dáa fún refant, ea13 àti ea15 ò ní receiver C-band (ohun tó ń gba frequency tí wọ́n fi wò ó) nígbà yẹn, ẹ flag wọn, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ sàmì sí dátà wọn pé ká má lò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe dátà míì lọ́la, config nìkan lẹ máa yí padà, ẹ ò ní fọwọ́ kan script.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Ẹ pín in sí ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀: flagdata (yọ dátà tí kò dáa), setjy (sọ bí 3C286 ṣe lágbára tó), gaincal fún phase, delay (tún bí signal ṣe ń pẹ́ dé ṣe), bandpass (tún channel kọ̀ọ̀kan ṣe), gaincal lẹ́ẹ̀kan sí i, fluxscale (fi 3C286 díwọ̀n agbára field 1), applycal (fi àtúnṣe náà sínú dátà), split (ya dátà tá a ti tún ṣe sọ́tọ̀), tclean (ya àwòrán). Phase yẹn gbọ́dọ̀ ṣáájú bandpass, torí tí phase bá ń yí bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń ṣe average ẹ̀, signal á máa pa ara ẹ̀ rẹ́. Ẹ wá fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú nǹkan báyìí:

import os
os.makedirs('pari', exist_ok=True)

def igbese(oruko, ise):
    ami = 'pari/' + oruko
    if os.path.exists(ami):
        return
    ise()
    open(ami, 'w').close()

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán ló tó ń fi àmì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò ó bóyá table (ibi tí CASA ń kọ àtúnṣe ìgbésẹ̀ náà sí) ti wà, tó bá ti wà wọ́n á fò ó, àmọ́ tí iná bá lọ nígbà tí bandpass ń lọ lọ́wọ́, table á wà lóòótọ́, ààbọ̀ ló máa jẹ́, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e á sì bàjẹ́ láìsí error kankan. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú iṣẹ́ yìí.

Torí náà, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa fi rmtables pa table ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Split ò ní gbà tí fáìlì tó fẹ́ kọ bá ti wà. Tclean ló burú jù, tó bá rí image tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ibi tó dé tẹ́lẹ̀ ló máa ti máa bá a lọ, ẹ lè yí parameter padà kẹ́ ẹ máa rò pé àwòrán tuntun lẹ ń wò, nígbà tó jẹ́ pé model àtijọ́ (ohun tí tclean ti rò pé ó wà lójú ọ̀run) ṣì wà nínú ẹ̀. Flagdata àti applycal ní tiwọn, inú dátà gangan ni wọ́n ti ń yí flag padà, kò sí table téèyàn máa parẹ́, ẹ fi flagmanager tọ́jú flag ṣáájú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe kẹ́ ẹ restore ẹ̀.

Ojú ò ṣeé fi script rọ́pò o. Ẹ jẹ́ kí plotms, àṣẹ tó ń ya dátà sórí gíráàfù, máa fi plotfile kọ àwòrán sílẹ̀, pẹ̀lú showgui=False, kí script dúró lẹ́yìn applycal, kẹ́ ẹ wo gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sí tclean. Rflag, ọ̀nà kan nínú flagdata, máa ń bá wa yọ ariwo fóònù àti satellite, àmọ́ ó lè gbé ohun gidi náà mì. Ẹ fi flagdata mode='summary' kà á, tí ohun tó flag bá ju 40 nínú 100 lọ, èmi máa ń ní kí script dúró síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣetán, casa --nogui --nologger -c script.py ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ server tó jìnnà ni, ẹ wọ tmux (ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí server náà) kẹ́ ẹ tó run ẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa dúró tí network bá já. Ẹ fi git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tẹ́ ẹ bá ṣe, tọ́jú script àti config, kẹ́ ẹ sì da log CASA sínú fódà dátà kan náà.

Tí dátà bá pọ̀, ẹ to config wọn jọ, kẹ́ ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fódà tiẹ̀ kí àmì inú pari má lọ dàpọ̀, kẹ́ ẹ fi loop gba orí wọn, pẹ̀lú try àti except, kí ọ̀kan tó bá kùnà má dá àwọn tó kù dúró, kí orúkọ ẹ̀ kàn wọ inú fáìlì kan tẹ́ ẹ máa wò láàárọ̀.