Bí ẹ ṣe lè yan ewéko ìbílẹ̀ tó fara da ọ̀dá fún ọgbà ilé ní ẹsẹ̀ òkè Colorado

Denver àtàwọn ìlú tó tò lọ lẹ́sẹ̀ òkè Rocky ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, kì í rí omi púpọ̀ látòkè. Tí a bá ro òjò àti yìnyín pọ̀, nǹkan bíi mílímítà 370 ni gbogbo ọdún. Ibẹ̀ ga tó mítà 1,600 sí ojú òkun, oòrùn mú, afẹ́fẹ́ gbẹ, òtútù sì lè já lu èèyàn láìròtẹ́lẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2022, láàárín wákàtí kan péré, ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Denver já láti bíi 5°C sí -15°C. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dé -31°C. Ewéko tó bá máa pẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dá, kó gba òtútù, kó sì gba kí méjèèjì dé pa pọ̀.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbin ewéko ìbílẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ìbílẹ̀ ibo? Colorado bẹ̀rẹ̀ láti pápá tó ga bíi mítà 1,000 títí dé orí òkè tó ju mítà 4,000 lọ. Igi tí ìpínlẹ̀ náà fi ṣe àmì ni blue spruce, òdòdó rẹ̀ ni blue columbine. Ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé ni méjèèjì, ṣùgbọ́n etí odò lórí òkè ni blue spruce ti ń hù, ibi tí yìnyín ti ń pẹ́ kó tó yọ́ ni columbine sì mọ̀ nílé. Igi aspen tó ń hù lórí òkè náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ilẹ̀ amọ̀ gbígbẹ ní Denver, kòkòrò oystershell scale á lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, ewé rẹ̀ á ní àmì dúdú dúdú, ọmọ rẹ̀ á sì máa yọ káàkiri àgbàlá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lókè. Ewéko pápá, ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹsẹ̀ òkè, àti ti aṣálẹ̀ olótùútù ní Utah àti Nevada ló bá ilẹ̀ yín mu jù, bí ti Utah ò tiẹ̀ jẹ́ ọmọ Colorado lórí ìwé.

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán. Ẹ tún rọ òmíràn sí i, ẹ ki igi ìwọ̀n bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wo iye tó lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ilẹ̀ yín ń fa omi dáadáa, ohun tó pọ̀ ló máa hù níbẹ̀. Tí kò bá tó 2.5, amọ̀ ni, omi á sì máa dúró sídìí gbòǹgbò nígbà òtútù. Èyí gan-an ló ń pa àwọn òdòdó bíi penstemon àti sulphur buckwheat, àti ọ̀rọ́, ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ: ìdí wọn á rà kí ìgbà ìrúwé tó dé, ẹni tó gbìn wọ́n á sì máa bú òtútù.

Ẹ má da yanrìn kéékèèké sínú amọ̀ pé ẹ fẹ́ tú u. Ńṣe ló máa dì gan-an bíi bíríkì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ mọ ebè gíga, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kẹ́ ẹ po ìdajì erùpẹ̀ àgbàlá yín pọ̀ mọ́ ìdajì yanrìn onírú gbàǹgbà àti òkúta wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ wá gbin àwọn tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tutù sórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá sì lè ṣe wàhálà yẹn, ewéko tí amọ̀ ò dí lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ yàn: koríko buffalograss àti western wheatgrass, three-leaf sumac, golden currant, prairie coneflower.

Ilẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń ní ẹfun nínú, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe kan tó hàn, ń lé ní 7.5. Ewéko pápá ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ má náwó sórí oògùn tó ń yí i padà. Ẹ sì ṣọ́wọ́ níná lórí ajílẹ̀. Rocky Mountain penstemon tó bá jẹ ajílẹ̀ yó á ga, á rọ̀, á wó lulẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́ tó lágbára, ẹ̀mí rẹ̀ ò sì ní gùn.

Èwo ni ká gbìn síbo

Ẹ rìn yí ilé ká lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù àti ti ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ògiri àti kọnkéré ti ń da ooru padà, kì í ṣe ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ àríwá tí yìnyín ti ń dì sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ibi tó ń jó, àárín títì àti ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá, ẹ gbin Yucca glauca, ọ̀rọ́ Opuntia polyacantha, koríko blue grama, àti chocolate flower tí òórùn rẹ̀ ń fẹ́ wá láàárọ̀ bíi ṣokoléètì. Ẹ rántí pé ẹ̀gún kéékèèké ara ọ̀rọ́ yẹn kì í tètè jáde lára, nítorí náà kó jìnnà síbi tí ọmọdé ń kọjá. Ẹ̀gbẹ́ àríwá tó ṣókùnkùn tó sì gbẹ lábẹ́ igi ni Mahonia repens wà fún, kì í ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ, ewé rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nígbà òtútù. Iwájú ọgbà, níbi tẹ́ ẹ fẹ́ kí nǹkan tẹ́ sílẹ̀, ẹ wá pussytoes, sulphur buckwheat tàbí winecups.

Fún ohun tó máa dúró bí ọgbà ìdábùú, tẹ́ ẹ ò ní máa fún lómi mọ́ lẹ́yìn ọdún kẹta, mountain mahogany, Apache plume, fernbush àti rabbitbrush ni kẹ́ ẹ wò. Rabbitbrush ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, torí ó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìparí Oṣù Kẹjọ lọ, nígbà tí òdòdó yòókù ti ń pòkúdu, òun ló máa ń bo ara rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó pupa rúsúrúsú, oyin àti labalábá á sì kún orí rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ funfun bí ẹni rọ́ eérú sí i lára. Lóṣù Kẹta, ẹ gé e dé sẹ̀ǹtímítà 30, á yọ padà ní tútù. Tẹ́ ẹ bá ń bomi rin ín, àárín rẹ̀ á là, ẹ̀ka á sùn sílẹ̀ káàkiri. Àbùkù rẹ̀ ni pé irúgbìn rẹ̀ ń fò: ẹ máa tu àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà.

Ìwọ̀n tó máa fẹ̀ tó bó bá dàgbà ni kẹ́ ẹ fi pín àyè, ẹ má ṣe wo bó ṣe wà nínú ike. Rabbitbrush àti Apache plume ń fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀. Òkèèrè la ti ń wo igi gogoro: tẹ́ ẹ bá gbìn wọ́n sí ìdajì mítà létí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọdún kẹta lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn lápá kan títí wọ́n á fi burẹ́wà.

Kíka àmì ara ike

Orúkọ Látìn ni kẹ́ ẹ gbára lé. Blue flax tí wọ́n ń pè ní Linum lewisii ni ọmọ ìbílẹ̀. Linum perenne tó jọ ọ́ wá láti Yúróòpù, àwọn méjèèjì sì sábà máa ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu ọjà. Russian sage ń gba ọ̀dá lóòótọ́, àmọ́ Àárín Gbùngbùn Éṣíà ni ilé rẹ̀. Ẹ yẹra pátápátá fún myrtle spurge: ìjọba Colorado ti kà á mọ́ àwọn èpò tó gbọ́dọ̀ di fífà tu níbikíbi tó bá wà, oje funfun rẹ̀ sì ń jó ara. Irúgbìn àpapọ̀ tí wọ́n kọ "wildflower" sí lára kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé fọkàn tán. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá dame's rocket wà níbẹ̀, torí òun náà wà nínú ìwé èpò ìpínlẹ̀ yẹn.

Nọ́ńbà zone ti USDA, iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, tó wà lára ike, òtútù tó le jù lọ́dún nìkan ló ń sọ. Zone 4 túmọ̀ sí pé ewéko náà lè gba -34°C sí -29°C. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀fúùfù gbígbẹ, amọ̀, tàbí yìnyín Oṣù Karùn-ún. Máàpù zone tí USDA gbé jáde ní 2023 fi ọ̀pọ̀ Denver sí 5b àti 6a, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ zone 4 sí ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ sùn dáadáa. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Buffalograss tí wọ́n kó láti gúúsù Texas àti èyí tó wá láti pápá àríwá, irú kan náà ni, àmọ́ òtútù tí àkọ́kọ́ lè gbà kéré.

Gbígbìn àti omi

Ike kékeré ni kẹ́ ẹ rà. Ewéko lítà 1 tí gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì lọ́ ń bá ilẹ̀ mọ́ra kíákíá ju onílítà 20 lọ. Àárín Oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà dára, tàbí ìparí Oṣù Kẹjọ sí ìparí Oṣù Kẹsàn-án. Ó kéré tán, kó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ilẹ̀ tó dì.

Ìgbésẹ̀ kan wà tí wọ́n sábà máa ń fò. Erùpẹ̀ inú ike máa ń jẹ́ peat, ìyẹn ewéko jíjẹrà láti inú àbàtà, tó bá sì ti gbẹ, kì í gba omi mọ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e sínú amọ̀ bó ṣe wà, ilẹ̀ tó yí i ká á tutù, ìdí ewéko á gbẹ, á sì kú lójú yín. Ẹ rì í sínú garawa omi títí omi ò fi ní hó mọ́, ẹ gbọn ìdá kan nínú mẹ́ta erùpẹ̀ náà, èyí tó wà lóde, dànù, kẹ́ ẹ tú gbòǹgbò sílẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ike, kó má jìn jù ú lọ. Ti penstemon àti buckwheat, kí ọrùn wọn, ìyẹn ibi tí igi àti gbòǹgbò ti pàdé, yọ sókè díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bo ìdí wọn, sẹ̀ǹtímítà 5. Èérún igi á mú kí ọrùn wọn rà. Igi kúkúrú bíi sumac lè gba èérún igi, bí kò bá ṣáà kan èèpo rẹ̀.

Ẹ fún wọn lómi ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí ìgbà ìwọ́wé. Ní ọdún kejì, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láti ọdún kẹta, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó bá jẹ́ pé òjò kọ̀. Ẹ ki irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù (screwdriver) bọ ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé rọ́bà omi: tó bá wọlé wẹ́rẹ́ dé sẹ̀ǹtímítà 15, omi ṣì wà. Ewé ìsàlẹ̀ tó pọ́n tó sì rọ̀ ń sọ pé omi ti pọ̀ jù; ewé tó ká, tí etí rẹ̀ gbẹ ràkàràkà, òùngbẹ ni.

Ìgbà òtútù ló máa ń pa àwọn tuntun. Láàárín Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kẹta, bí oṣù kan bá kọjá láìsí yìnyín lórí ilẹ̀, ẹ yan ọ̀sán ọjọ́ tó gbóná ju 4°C lọ, kẹ́ ẹ fún igi kúkúrú kọ̀ọ̀kan tí ò tíì pé ọdún kan ní bíi lítà 20, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ẹ má gé igi òdòdó gbígbẹ títí di Oṣù Kẹrin, wọ́n ń kó yìnyín jọ sórí ìdí wọn. Bí ilẹ̀ bá ń dì tó sì ń yọ́, ó lè ti ewéko tuntun jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà pẹ̀lú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ bomi sí i.

Ní ti irúgbìn, penstemon nílò òtútù ọlọ́rinrin fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kó tó hù, nítorí náà Oṣù Kọkànlá ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn síta. Blue grama yàtọ̀, ilẹ̀ gbígbóná ló fẹ́: fọ́n ọn láàárín ìparí Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Keje, kílò kan fún ilẹ̀ mítà mẹ́wàá ní mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ojú ilẹ̀ máa tutù lójoojúmọ́ títí yóò fi yọ.